Àkeekèe, aláǹtakùn àti kòkòrò inú aṣálẹ̀ Arizona: ẹni tó bá ti ya fọ́tò wọn rí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá sí i

Bàbá Àbẹ̀ní (Houston), 9 oṣù Kẹfà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọ mi obìnrin, Àbẹ̀ní, ọmọ ọdún 11, kò sí ohun tó fẹ́ràn láyé tó kòkòrò. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń sá fún aláǹtakùn, ńṣe ni tirẹ̀ á kúnlẹ̀ tì í, á máa ka ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ti ṣèlérí fún un pé tí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi, a ó wa mọ́tò láti Houston lọ sí Tucson ní Arizona, títì I-10 tààrà, nǹkan bíi 1,700 kìlómítà, ká lo ọjọ́ 10 nínú aṣálẹ̀ Sonora.

Mo ní kámẹ́rà, mo ní lẹ́ńsì macro 100mm tí wọ́n fi ń ya ohun kékeré, mo ní fíláàṣì kan. Ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ ni mo ń yà láti ọjọ́ yìí wá, n kò mọ nǹkan kan nípa ohun tí kò ju ìka lọ. Ìgbà wo ló dáa jù láti lọ? Ibo la ó ti rí wọn? Báwo lèèyàn ṣe ń ya àkeekèe lóru? N kò ní fi pamọ́ fún yín pé ẹ̀rù àkeekèe ń bà mí. Ọ̀kan ta ìyá mi àgbà lẹ́sẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún 7, igbe tí wọ́n ké lóru ọjọ́ yẹn kò tíì kúrò létí mi.

Àfòpiná (Phoenix), 9 oṣù Kẹfà

Ẹ kú ìmúra, ẹ̀gbọ́n. Ọdún kẹsàn-án mi rèé ní Arizona, tó bá sì di ọ̀rọ̀ kòkòrò, òru ni mo fi ń ṣe ọ̀sán. Orúkọ tí mo ń jẹ́ níbí kì í ṣe lásán.

Ẹ má tíì gbéra. Nínú oṣù Kẹfà, aṣálẹ̀ yẹn á gbẹ háúháú, ooru ọ̀sán a máa kọjá 40°C, ohun tó bá ní ihò á ti wọ ihò rẹ̀. Ẹ dúró de òjò. Monsoon ni wọ́n ń pe àsìkò òjò níbí; àwọn tó ń wo ojú ọjọ́ fi 15 oṣù Kẹfà sí 30 oṣù Kẹsàn-án ṣe gbèdéke rẹ̀, ṣùgbọ́n ní Tucson, òjò tó lágbára kì í sábà dé títí oṣù Keje á fi wọlé. Àárín oṣù Keje sí ìparí oṣù Kẹjọ ni tiyín. Ẹ rántí bí ilẹ̀ ṣe máa ń rí nílé lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, bí gbogbo ohun tó ti fara pamọ́ láti ọjọ́ yìí ṣe ń tú jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ rà ni tọ́ọ̀ṣì UV, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ tí ojú èèyàn kì í rí. Awọ àkeekèe ní èròjà kan nínú tó jẹ́ pé bí iná UV bá ti kàn án, á tàn yòò, àwọ̀ búlúù tó dà mọ́ àwọ̀ ewé. Ẹ ó rí i látòkèèrè bí ẹyin iná. Kí ìgbì ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì náà jẹ́ 365 nm (nanometer) o. Èyí tó jẹ́ 395 nm ló pọ̀ lọ́jà, kò wọ́n, ṣùgbọ́n àwọ̀ elésè àlùkò rẹ̀ á bo gbogbo ilẹ̀, á sì ba fọ́tò jẹ́. Kí ọmọ má tàn án sójú ẹnikẹ́ni.

Tó bá di fọ́tò, ẹ gbé kámẹ́rà lé ẹsẹ̀ mẹ́ta, ẹ pa fíláàṣì. Ẹ fi kámẹ́rà sí f/8 àti ISO 800, kó ṣí fún ìṣẹ́jú àáyá 2 sí 4, kí ẹ máa fi tọ́ọ̀ṣì náà rọra gbá ara rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì bí ẹni ń kun ògiri lọ́dà. Bí àkeekèe kò bá gbọ́ ẹsẹ̀ yín lórí ilẹ̀, kò ní mira. Tí ẹ bá ti ya bíi mẹ́ta, ẹ pa iná. Wọn kì í fẹ́ ẹ lára.

Ẹsẹ̀ àwọn òkè tó yí Tucson ká dára fún àkeekèe. Tí ẹ bá fẹ́ rí àwọn ìbátan yímíyímí tó ń dán bíi wúrà, ẹ gòkè lọ sí Madera Canyon, lórí òkè Santa Rita. Kò tó wákàtí kan àtààbọ̀ láti Tucson. Nínú Saguaro National Park, ẹ kò gbọdọ̀ mú ohunkóhun kúrò, ìbáà ṣe kòkòrò, ìbáà ṣe òkúta. Òkúta tí ẹ bá sì ṣí níbikíbi, ẹ dá a padà bó ṣe wà, torí òrùlé ẹlòmíràn ni.

Nọ́ọ̀sì Òru (Tucson), 10 oṣù Kẹfà

Bàbá Àbẹ̀ní, ẹ káàbọ̀ sí ìlú wa kí ẹ tó dé. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nílé ìwòsàn, ẹ gbà mí láyè kí n sọ ohun tí ojú mi ń rí.

Àkeekèe tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún níbí kì í ṣe èyí tó tóbi. Èyí tó tóbi jù, Hadrurus arizonensis, lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 14, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ èèyàn, títa rẹ̀ kò ju ti oyin lọ. Èyí tó ń gbé ọmọdé wá sọ́dọ̀ wa ni Centruroides sculpturatus. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi koríko gbígbẹ, ẹ̀mú rẹ̀ tín-ín-rín, kò ju sẹ̀ǹtímítà 8 lọ. Ó ń gun ògiri, ó ń gun igi, abẹ́ nǹkan ló sì máa ń rọ̀ mọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ṣí òkúta tàbí igi, kó fi ọ̀pá ṣí i. Kó má ki ìka bọ abẹ́ rẹ̀.

Tó bá ta àgbàlagbà, á ro ó gan-an, ojú ibẹ̀ á kú, á máa ṣe yìnrìnyìnrìn, ó sì máa ń lọ. Ọ̀rọ̀ ọmọdé ló yàtọ̀. Bí ojú ọmọ bá ń yí kiri fúnra rẹ̀, tí itọ́ ń dà, tí ara ń gbọ̀n, tí èémí ń ṣòro, ẹ má dúró fi òróró pa nǹkan kan, ẹ gbé e wá. Oògùn tó ń ṣẹ́ oró náà, Anascorp, di èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà ní 2011. Mo ti rí ọmọ tó wọlé pẹ̀lú ìgbe tó jẹ́ pé kí ilẹ̀ tó mọ́, oúnjẹ ló ń béèrè. Nọ́ńbà àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn lórí májèlé ni 1-800-222-1222, tọ̀sán tòru.

Bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀ ni kí ẹ wọ̀, kí ẹ sì gbọn ọ́n láàárọ̀ kí ẹ tó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Omi lítà 4 fún ẹnì kan lójúmọ́, kì í ṣe àsọdùn. Bí òjò bá ṣú lórí òkè lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ jáde kúrò nínú ipa odò gbígbẹ kíá, bí oòrùn tiẹ̀ ń ràn lórí yín. Ibi tí òjò ti rọ̀ ni àgbàrá ti ń bọ̀, kò ní sọ fún yín kó tó dé.

Ìyá Ìbejì (London), 10 oṣù Kẹfà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ìbéèrè mi. Mo ka ohun tí nọ́ọ̀sì kọ, ara mi bù máṣọ. Ṣé ó tọ́ ká gbé ọmọ ọdún 11 lọ síbi tí irú nǹkan yìí ti ń rìn lóru?

Bàbá Àbẹ̀ní, 11 oṣù Kẹfà

Ìyá Ìbejì, n kò bínú rárá, ìyá rẹ̀ náà bi mí bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo rò ni pé ọmọ yìí á ṣí òkúta, bí mo wà níbẹ̀ bí n kò sí níbẹ̀. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé lójú mi ló ti kọ́ bí a ṣe ń ṣí i. Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun púpọ̀ mà, mo ti kọ nọ́ńbà yẹn sára ilẹ̀kùn mọ́tò. Ṣùgbọ́n èyí tó ta ìyá mi àgbà dúdú, ó sì tóbi. Ṣé òun náà ní oró tó bẹ́ẹ̀?

Olùkọ́ Bàọ́lọ́jì (Ìbàdàn), 11 oṣù Kẹfà

Bóyá òjògán ni, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Pandinus imperator. Ó wà nílẹ̀ wa, ó wà ní Benin, ní Tógò àti Gánà, ó sì lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 20. Ẹ wo ẹ̀mú rẹ̀, ó ki bí ọwọ́ akàn. Ẹ̀mú yẹn ló fi ń fọ́ ohun tó bá fẹ́ jẹ, kì í fi bẹ́ẹ̀ gbójú lé oró. Èyí tí ẹ̀mú rẹ̀ bá tín-ín-rín, ìrù ló gbójú lé. Kì í ṣe òfin tí kì í yẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣe é tẹ̀ lé. Ìrora tí Màmá jẹ lọ́jọ́ náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n òjògán kò pààyàn bí a ṣe ń sọ fún ọmọdé. Kódà àwọn èèyàn ni wọ́n ń run ún: wọ́n kó o lọ tà lókè òkun fún àwọn tó fẹ́ sìn ín nílé, débi pé CITES, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí títa ẹranko àti ewéko inú igbó, ní láti fi ìjánu sí títà rẹ̀.

Bàbá Àbẹ̀ní, 6 oṣù Kẹjọ

A ti lọ, a ti bọ̀. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ó pẹ́ kí n tó kọ̀wé torí fọ́tò tí mo ní láti ṣà lé ní 2,000.

Alẹ́ àkọ́kọ́, odindi wákàtí méjì, a ò rí nǹkan kan. Mò ń rìn bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ já sílẹ̀. Nígbà tí a sì wá rí aláǹtakùn kan lẹ́nu ihò rẹ̀, mo gbé kámẹ́rà sójú, funfun báláú ni. Ẹ̀rọ amúlétutù inú mọ́tò ti mú kámẹ́rà tutù, ìta sì móoru, afẹ́fẹ́ rẹ̀ lọ́rinrin lẹ́yìn òjò, gbogbo ojú lẹ́ńsì ti làágùn. Kó tó mọ́, aláǹtakùn ti wọlé. Láti ọjọ́ kejì, mo ń gbé àpò kámẹ́rà síta kí ilẹ̀ tó ṣú kó lè bá ìta dọ́gba.

Ẹ bá mi wo fọ́tò kìíní. Igi saguaro nìyẹn, ọrọ́ agogo ilé wa gẹ́lẹ́ ló jọ, àfi pé ó ga ju òrùlé ilé lọ. Lábẹ́ ọ̀kan tó ti wó ni Àbẹ̀ní ti dì mí lápá mú lálẹ́ ọjọ́ kejì. Ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró. Méjì ni wọ́n. Ọ̀kan ń tàn, ọ̀kan ò tàn."

Mo dùbúlẹ̀ lórí iyẹ̀pẹ̀. Èyí tó ń tàn yòò, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Awọ lásán ni: ẹsẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ pé, ẹ̀mú méjèèjì pé, ìrù pé títí dé ẹnu abẹ́rẹ́, ihò kékeré kan wà níwájú níbi tí ẹni tó ni ín gbà jáde. Ẹni tó ni ín ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó funfun ràkọ̀ràkọ̀ bí ọ̀lẹ̀lẹ̀ tí kò lépo, ara rẹ̀ rọ̀, kò tàn rárá. A wà níbẹ̀ fún wákàtí kan. Ìka ẹsẹ̀ kan kò mira lára rẹ̀. Mo ń gbọ́ èémí ọmọ mi létí. N kò mọ ìgbà tí ẹ̀rù tí mo ti ń gbé kiri láti ọmọ ọdún 7 kúrò lára mi, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dìde nílẹ̀, mi ò rí i mọ́.

Olùkọ́ Bàọ́lọ́jì, 6 oṣù Kẹjọ

Bàbá Àbẹ̀ní, ẹ kú oríire! Àkeekèe tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ awọ kì í tàn. Ìgbà tí awọ tuntun náà bá ń le ni títàn máa ń wọ̀ ọ́ lára díẹ̀díẹ̀. Awọ tó bọ́ sílẹ̀ ní tirẹ̀ kì í gbàgbé, á ṣì máa tàn. Mo ti ń kọ́ èyí nínú kíláàsì láti ọdún pípẹ́, n kò fojú rí i rí. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ó gbà mí láyè kí n fi fọ́tò yẹn han àwọn ọmọ ìwé mi?

Bàbá Àbẹ̀ní, 7 oṣù Kẹjọ

Àbẹ̀ní ní kí ẹ mú un, sà, inú rẹ̀ dùn. Ẹ jẹ́ kí n parí ìròyìn.

Ní ọjọ́ kẹrin, òjò ńlá rọ̀ mọ́jú. Láàárọ̀, oòrùn yọ, a dé orí pápá kan, gbogbo ilẹ̀ pupa. Ohun tó wà nílẹ̀ dà bí ìgbà tí ènìyàn gé aṣọ àrán pupa wẹ́wẹ́ tó sì fọ́n ọn ká. Ẹ súnmọ́ fọ́tò 6 dáadáa: ẹsẹ̀ 8 ló ní, irun ara rẹ̀ dúró ṣánṣán bí ti àrán tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá. Ìbátan eégbọn ni, Dinothrombium. Abẹ́ ilẹ̀ ló ń gbé lọ́pọ̀ ọjọ́ ayé rẹ̀. Lẹ́yìn òjò ńlá ló ń jáde fún wákàtí mélòó kan, á wá ikán tó yọ ìyẹ́ jẹ, á gùn, á sì tún wa ilẹ̀ wọlé. Kó tó di agogo 11, kò ku ẹyọ kan. Ikán abìyẹ́ náà kún ilẹ̀. Mo sọ fún Àbẹ̀ní bí a ṣe ń gbé abọ́ omi sábẹ́ iná kí wọ́n lè já sínú rẹ̀, ká tó yan wọ́n. Ó ní ṣé a lè ṣe é lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Fọ́tò 9 ni agbọ́n Pepsis, búlúù tó dúdú, ìyẹ́ rẹ̀ pọ́n bí ọsàn tó pọ́n. Ó ti ta aláǹtakùn onírun kan rọ, ó ń fi ẹ̀yìn rìn, ó ń wọ́ ọ gba àárín ọ̀nà lọ sínú ihò. Ẹyin kan ṣoṣo ni yóò yé sí i lára, ọmọ tó bá pa á ni yóò jẹ ẹ́ láàyè. Justin Schmidt, onímọ̀ kòkòrò tó gbé ní Tucson tó sì kú ní 2023, ló ṣe òṣùwọ̀n ìrora oró kòkòrò, 1 sí 4. Agbọ́n yìí gba 4. Lẹ́ńsì 100mm ràn mí lọ́wọ́, mo dúró ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 4, kò tiẹ̀ bojú wò mí. Ọwọ́ rẹ̀ dí.

Ní Madera Canyon, a ta aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun sáàárín igi méjì, a tan iná sí i. Oṣù kò sí lójú ọ̀run. Láàárín wákàtí kan, aṣọ ti kún: àfòpiná oríṣiríṣi, àwọn kan tóbi tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Àgbà bọ̀, wọ́n ní àfòpiná tó lóun ó pa fìtílà, ara rẹ̀ ni yóò pa. Iná LED kì í jó wọn, ṣùgbọ́n ó ń tán wọn lókun, torí náà a pa á lẹ́yìn wákàtí méjì, a sì gbọn aṣọ náà jẹ́jẹ́ kí a tó ká a. Àwọn agbófinró dé bá wa níbẹ̀, wọ́n bèèrè ohun tí à ń ṣe. Àbẹ̀ní ló ṣàlàyé fún wọn. Ọ̀kan nínú wọn bèèrè orúkọ àfòpiná kan, ó kọ ọ́ sínú fóònù rẹ̀.

Fọ́tò 14 ni mo fẹ́ kí Àfòpiná bá mi wò. Kòkòrò aláwọ̀ ewé tó ní ìlà fàdákà, Chrysina gloriosa. Fíláàṣì bà á jẹ́.

Àfòpiná, 7 oṣù Kẹjọ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ káre láé. Fọ́tò 9 dára ju gbogbo tèmi ti ọdún tó kọjá lọ. Ẹ dọ̀bálẹ̀ débi tí ojú kámẹ́rà fi bá ojú agbọ́n dọ́gba, ìdí nìyẹn.

Lórí 14: kòkòrò tó ń dán dà bíi dígí, ohun tó bá wà níwájú rẹ̀ ni yóò gbé hàn. Fíláàṣì kékeré ló rí, fíláàṣì kékeré náà ló fi hàn yín, ojú kan funfun, ibi tó kù dúdú. Ẹ ge ike mílíìkì funfun, kó tóbi tó ìwé kíkọ kan, ẹ tẹ̀ ẹ́ bí òrùlé bo kòkòrò náà, kí ẹ jẹ́ kí iná gba inú ike kọjá. Ìmọ́lẹ̀ á tẹ́ sí i lára látòkè, ìlà fàdákà yẹn á sì jáde. Ohun àrà kan tún wà lára rẹ̀: ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ara rẹ̀ jáde ń lọ́ sí apá òsì. Bí ẹ bá wò ó láti inú gíláàsì tó ń gba èyí tó lọ́ sí apá ọ̀tún nìkan, àwọ̀ ewé yẹn á sá lọ, á di dúdú.

Ẹni tó bá ń lọ sí ìhà gúúsù Tucson lóru, kó mú ìwé ìdánimọ̀ dání. Ibodè Mẹ́síkò súnmọ́, wọ́n á bèèrè.

Nọ́ọ̀sì Òru, 8 oṣù Kẹjọ

Ṣé àkeekèe kankan ta yín? Ohun tí mo ti ń retí láti kà nìyẹn.

Bàbá Àbẹ̀ní, 8 oṣù Kẹjọ

Rárá mà, kò sí. Láàárọ̀ ọjọ́ keje, Àbẹ̀ní gbọn bàtà rẹ̀ bí ẹ ṣe ní kó ṣe, Centruroides kan já bọ́ sílẹ̀. Ẹ ṣeun. Mi ò lè sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀kan ṣì kù. Fọ́tò 17. Dúdú, ó gùn tó ìka àárín, ẹ̀mú ńlá, ṣùgbọ́n ìrù rẹ̀ kò ní abẹ́rẹ́, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ lásán ni. Kò tàn lábẹ́ UV. Nígbà tí mo súnmọ́ ọn jù, ó gbé ìdí sókè, ó tú nǹkan kan sí mi, gbogbo ibẹ̀ ń rùn fún fínígà. Mastigoproctus tohono ni. 2018 ni wọ́n yà á sọ́tọ̀ ní orúkọ, wọ́n sì fi orúkọ ẹ̀yà Tohono O'odham, àwọn ọmọ onílẹ̀ aṣálẹ̀ náà, sọ ọ́. Kò ní oró. Àbẹ̀ní ń bi mí, "Kí lorúkọ ẹ̀ lédè Yorùbá?" Mo ní mi ò rò pé ó ní. Ó ní ìyẹn ò dáa.

Olùkọ́ Bàọ́lọ́jì, 8 oṣù Kẹjọ

Ọmọ náà sọ òótọ́. Kí ni òun fúnra rẹ̀ fẹ́ kó máa jẹ́?

Bàbá Àbẹ̀ní, 9 oṣù Kẹjọ

Ó ní "àkeekèe onípàṣán". Ti fọ́tò 6, ó ní "aláràn-án".

Ọmọ Òkè Ògùn (Ìṣẹ́yìn), 9 oṣù Kẹjọ

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti oṣù Kẹfà láìdá sí i. Aláràn-án yẹn, mo ti rí irú rẹ̀ lóko wa nígbà òjò àkọ́rọ̀, à ń tò ó sórí ewé nígbà tí a wà ní kékeré. Orúkọ yẹn bá a mu púpọ̀.

Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi tó ń ti Èkó bọ̀ bá mi ra tọ́ọ̀ṣì UV. Lálẹ́ àná, mo yí ẹ̀yìn ilé bàbá mi ká, lára ògiri amọ̀ tí à ń fi igi ìdáná tì. Àkeekèe mẹ́rin. Wọ́n ń tàn bí tiyín gan-an. Ọ̀kan nínú wọn gbé ọmọ pọ̀n, àwọn ọmọ náà ń tàn lẹ́yìn rẹ̀ wínníwínní, mo kà wọ́n dé 16, mo ṣì wọ́n kà.

Mo pe bàbá mi jáde. Ẹni ọdún 78 ni wọ́n, inú ilé yẹn ni wọ́n bí wọn sí. Mo pa iná àgbàlá, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ògiri. Wọn ò sọ nǹkan kan. Mo rò pé wọn ò rí i, ni mo bá pa á. Wọ́n ní, "Tún un tàn."